Nígbà tí Táírọ́ìdì Kò Bá Dáhùn

   

Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Táírọ́ìdì ni wọ́n ń pè é. Ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́ méjèèjì gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba áyódíìnì látinú oúnjẹ, kó fi ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní họ́mónù, kó sì dà á sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yìí ló ń sọ fún gbogbo ara bí yóò ṣe yára tó. Ọkàn ń gbọ́ tirẹ̀. Ìfun ń gbọ́ tirẹ̀. Ọpọlọ ń gbọ́, ilé ọmọ ń gbọ́, awọ àti irun náà ń gbọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, ara á máa sáré àsápajúdé. Bí kò bá tó, ohun gbogbo á falẹ̀. Ti pé kó má tó ni ọ̀rọ̀ tòní.

Báwo ni àìtó rẹ̀ ṣe ń hàn? Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tó ti ń yan gàrí láti ogún ọdún. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Irú rẹ̀ pọ̀ níwájú àwọn dókítà. Òógùn ń bọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ti tú gèlè sílẹ̀ nítorí ooru. Òun wọ súwẹ́tà. Òtútù ń mú un nídìí iná. Òrùka ìgbéyàwó tó ń yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ kò kọjá oríkèé ìka mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú rẹ̀ á wú. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó má rí ìgbẹ́ yà. Irun rẹ̀ ń kún inú òòyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ó funfun bí ìgbà tí ọyẹ́ mú, bẹ́ẹ̀ òjò ṣì ń rọ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ kò pọ̀, síbẹ̀ ó ń sanra. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó lè gbàgbé ibi tó bá a dé. Nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í sì í tètè dá. Ó pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn lórí fóònù, ọmọ sì dáhùn pé, “Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o.” Ohùn ìyá ti ki.

Kí ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nínú ilé? Ọkọ ní ó ti ya ọ̀lẹ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí ló dé. Ẹnì kan tún rọra sọ ọ́ lẹ́yìn pé àwọn ayé ló mú un. Ó sì ń dun ènìyàn wọra, nítorí aláìsàn náà lè gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́. Á máa bá ara rẹ̀ wí. Á máa fipá jí ní ìdájí, á máa fipá gbé igbá, á sì máa sunkún níkọ̀kọ̀ pé agbára òun dà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Àìsàn yìí kì í wọlé bí ibà. Ó ń yọ́ wọlé ni. Ó lè gba oṣù mélòó kan, ó lè gba ọdún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń bá aláìsàn gbé kì í fi í rí i. Àwọn dókítà kan máa ń ní kí aláìsàn mú fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ wá, ti ìsọmọlórúkọ tàbí ti ìgbéyàwó ẹbí. Wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú tòní. Nígbà náà ni gbogbo ilé á tó rí ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn.

Àwọn obìnrin ló ń ṣe jù, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Ṣùgbọ́n kò yọ ọkùnrin sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣe lè má lágbára oko mọ́, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè máa lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó sì máa rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, kò ṣe é sọ síta.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó yé gbogbo wa níbí. Gbogbo àárẹ̀ kọ́ ni táírọ́ìdì. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń mú àárẹ̀ wá. Ìtọ̀ ṣúgà ń mú un wá. Oyún, àìsùn, ìbànújẹ́, gbogbo wọn ń mú un wá. Ohun tó ń pe àfiyèsí ni kí àmì bíi mélòó kan pàdé lára ẹnì kan, kí wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò rẹ̀, ẹ káàbọ̀ o. Táírọ́ìdì inú ọrùn tí kò ṣiṣẹ́ tó là ń sọ. Ó ń mú kí òtútù máa mú ènìyàn, kí ó máa rẹ̀ ẹ́, kí ó máa sanra láìjẹun púpọ̀. Àwọn aráyé á ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ àìsàn tó ní oògùn ni.

Kí ló ń fà á?

Lọ́nà àkọ́kọ́, ara lè gbógun ti ara rẹ̀. Ara ní àwọn ọmọ ogun tó ń lé kòkòrò àrùn jáde. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun yìí á ṣìnà, wọ́n á kọjú sí táírọ́ìdì, wọ́n á máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1912, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Ó máa ń wà nínú ìdílé. Bí ó bá ti ṣe ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n, ó yẹ kí àwọn tó kù lajú sílẹ̀.

Áyódíìnì náà lè wọ́n nínú oúnjẹ. Àwọn Yorùbá ti mọ gẹ̀gẹ̀ tipẹ́ kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀. Bí áyódíìnì kò bá tó, táírọ́ìdì á máa tiraka, á máa wú kó lè rí ìwọ̀nba tó wà kó jọ, títí ọrùn á fi yọ. Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí. Òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti fọ̀ ọ́ kúrò nínú ilẹ̀ níbi púpọ̀, ohun tí a bá sì gbìn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ní i tó. Ẹja òkun ní in: panla, títọ́ọ̀sì, ṣáwá. Ní Nàìjíríà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀ oúnjẹ. Iṣẹ́ ńlá ni iyọ̀ yẹn ṣe.

Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń tọ́jú iyọ̀ náà? Ẹ wo ọjà. Wọ́n tú iyọ̀ sínú ọpọ́n gbalasa, oòrùn ń pa á láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wo ilé ìdáná. Agolo iyọ̀ tí kò ní ìdérí wà létí ààrò, èéfín ń bù ú. Áyódíìnì kì í dúró de irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ooru, oòrùn àti ọ̀rinrin á lé e lọ, iyọ̀ á kù. Inú ike tó ní ìdérí ni kí iyọ̀ wà, kó jìnnà síná, kí wọ́n sì fi í sọ́bẹ̀ nígbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn máa bu iyọ̀ jẹ o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ níbẹ̀. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ra áyódíìnì olómi mu fúnra rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ náà ń ba táírọ́ìdì jẹ́.

Ẹ̀gẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ ní agbègbè Ìbàdàn, gàrí láàárọ̀, láfún lálẹ́. Ẹ̀gẹ́ tútù ní oró kan nínú, sáyánáìdì. Ara lè sọ ìwọ̀nba oró yìí di nǹkan mìíràn tí kò le tó bẹ́ẹ̀, kó lè bá ìtọ̀ jáde. Nǹkan mìíràn yìí gan-an ló ń bá áyódíìnì du ẹnu ọ̀nà táírọ́ìdì. Bí áyódíìnì bá pọ̀, ó borí. Bí kò bá tó, ẹnu ọ̀nà á dí mọ́ ọn. Oró kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tó jẹ́ dókítà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tọpa rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tí ojú wọn sì ń ṣú.

Ṣé kí á wá jáwọ́ nínú gàrí ni? Rárá o. Àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á fún un lọ́jọ́ mélòó kan kó kan dáadáa kí wọ́n tó yan án. Láfún náà, ó ń lo ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin nínú omi. Bó bá ṣe ń kan, tí omi rẹ̀ ń ro dànù, bẹ́ẹ̀ ni oró ń lọ. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni ìkánjú ọjà: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin lónìí, tí wọ́n fi jáàkì fún lónìí, tí wọ́n sì yan lónìí kan náà. Gàrí bẹ́ẹ̀ lè funfun kó dùn ún wò, ṣùgbọ́n oró rẹ̀ kò ráyè jáde tán. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja tì í lẹ́yìn, ara á rí ohun tí yóò fi ṣẹ́gun ìyókù.

Àwọn ohun mìíràn tún wà. Bí wọ́n bá ti fi iṣẹ́ abẹ yọ gẹ̀gẹ̀ ẹnì kan, táírọ́ìdì tó ṣẹ́ kù lè má tó. Àwọn oògùn kan fún ọkàn tàbí fún àìsàn ọpọlọ lè dín in kù. Àwọn obìnrin kan sì wà tó máa ń ṣe láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Ti àwọn kan ń lọ fúnra rẹ̀, ti àwọn mìíràn ń dúró.

A ti sọ gẹ̀gẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ ká là á yéra. Ẹni tó ní gẹ̀gẹ̀ lè ní táírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì lè ní èyí tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Bákan náà, ọrùn lè tẹ́ pẹrẹsẹ, kí táírọ́ìdì inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ojú kò lè sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ ọ́.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ ọ́? Ẹ ronú nípa ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ lóko. Bí ọmọ bá dáhùn, ìyá á rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ọmọ kò bá dáhùn, ohùn ìyá á máa ga sí i, títí gbogbo abúlé á fi gbọ́. Bó ṣe rí nínú ara nìyẹn. Ẹ̀yà kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ wà nísàlẹ̀ ọpọlọ. Òun ni ìyá tó ń pe táírọ́ìdì. TSH ni àwọn dókítà ń pe ohùn rẹ̀. Bí táírọ́ìdì kò bá dáhùn, TSH á ga. Nítorí náà, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá, wọ́n á wọn ohùn ìyá, wọ́n á sì wọn họ́mónù táírọ́ìdì tó jẹ́ ìdáhùn ọmọ. Bí ohùn ìyá bá ga tí ìdáhùn ọmọ sì kéré, ọ̀rọ̀ ti yanjú: táírọ́ìdì ni. Bí ohùn bá ga díẹ̀ tí ìdáhùn ṣì dára, dókítà lè ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ kí wọ́n tún un wọ̀n, kó tó sọ̀rọ̀ oògùn.

Àyẹ̀wò náà lè má sí ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé. Wọ́n á kọ ìwé fún aláìsàn láti ṣe é ní Ìbàdàn. Ní ilé ìwòsàn bí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH, àwọn dókítà mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Dókítà á fọwọ́ kan ọrùn, á ní kí aláìsàn gbé omi mì kí òun wo bí táírọ́ìdì ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Ó lè fi òòlù rọ́bà kékeré lu ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ á ta. Lára ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ falẹ̀, ẹsẹ̀ náà á ta ná, á wá rọra padà sípò rẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.

Ó ní ibi kan tí àyẹ̀wò TSH nìkan lè tanni jẹ, ó sì kan àwọn ìyá wa gidigidi. Obìnrin kan bímọ, ẹ̀jẹ̀ ya lára rẹ̀ bí omi, Ọlọ́run yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ọmú kò lómi. Nǹkan oṣù kò padà wá. Àárẹ̀ àti òtútù kò lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó dànù lè ti pa ẹ̀yà ìsàlẹ̀ ọpọlọ yẹn lára. Ìyá fúnra rẹ̀ ni kò lóhùn mọ́. TSH kò ní ga, nítorí kò sẹ́ni tí yóò pariwo. Obìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn ìbímọ rẹ̀ fún dókítà, bó bá tiẹ̀ ti tó ọdún mẹ́wàá. Ìtọ́jú tirẹ̀ ju ti táírọ́ìdì nìkan lọ, oògùn mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀, a ti sọ àmì rẹ̀, a ti sọ ohun tó ń fà á, a ti sọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń tú u fó. Ó ku ìtọ́jú.

Ní 1891, ní ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin ẹni ọdún 46 kan wà tí àìsàn yìí ti sọ di ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan. Dókítà George Murray fa omi inú táírọ́ìdì àgùntàn, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sí i lára. Láàárín oṣù díẹ̀, obìnrin náà ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀ já gaara. Ó tún lo ọdún 28 láyé. Lónìí, a kò nílò àgùntàn mọ́. Hóró oògùn kékeré kan wà, levothyroxine lorúkọ rẹ̀. Ohun tí táírọ́ìdì ń ṣe tẹ́lẹ̀ gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí ara kò rí ṣe mọ́ ni ènìyàn ń dá padà fún ara.

Ìlò rẹ̀ ló gba sùúrù. Ní ìdájí, kí ẹ̀kọ tàbí tíì tó kan ẹnu, aláìsàn á fi omi nìkan gbé e mì. Á dúró fún ààbọ̀ wákàtí, bí ó bá tó wákàtí kan, ó dára jù. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn egungun àti oògùn ọgbẹ́ inú kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa, nítorí náà kí wákàtí mẹ́rin wà láàárín wọn. Dókítà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré fún àgbàlagbà àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, nítorí ọkàn tó ti pẹ́ tó ń rọra rìn kò yẹ kó sáré lójijì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ṣé ìyá ṣì ń pariwo? Wọ́n á fi kún oògùn. Ṣé ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù? Wọ́n á dín in kù. Bí ó bá ti balẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ara á yá. Súwẹ́tà á bọ́. Aláìsàn á ní òun ti san, á sì pa oògùn tì. Kò ní rí nǹkan kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí oògùn náà ń pẹ́ nínú ara. Nígbà tó bá di oṣù kejì, òtútù á padà. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn, oògùn yìí di ti gbogbo ọjọ́ ayé, bí omi mímu. Ẹni tó bá ń mu àgbo pọ̀ mọ́ ọn kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ fún dókítà. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lo oògùn yìí torí pé ó fẹ́ fọn. Ó ń mú kí àyà máa já, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, ó sì lè ba ọkàn jẹ́.

Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn láìlè jí dáadáa, tí ara rẹ̀ tutù bí omi kànga, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wojú Olúwa fún ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Táírọ́ìdì tó falẹ̀ lè dí oyún lọ́wọ́, ó sì lè mú kí oyún máa wálẹ̀. Ó yẹ kó wà lára ohun tí wọ́n á yẹ̀ wò. Bí ẹni tó ti ń lo oògùn bá lóyún, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró rárá. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń ní láti gòkè, nítorí ní oṣù àkọ́kọ́-kọ́kọ́, họ́mónù ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú ń lò. Kété tí nǹkan oṣù bá fò ni kó wá dókítà rẹ̀ lọ.

Ọmọ mìíràn sì wà tí wọ́n bí láìní táírọ́ìdì tó pé. Ojú kì í tètè dá a mọ̀. Wọ́n á ní ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kì í yọ ìyá lẹ́nu. Ó ń sùn ṣáá. Kò lágbára àtifa ọmú. Ojú rẹ̀ pọ́n yẹ́lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ahọ́n rẹ̀ tóbi, ó ń yọ síta. Ìdodo rẹ̀ yọ, ẹkún rẹ̀ ki, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í wá. Ní àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n ń gún gìgísẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun fún àyẹ̀wò yìí kí àmì kankan tó yọ. Níbi tí wọn kì í ti í ṣe é fún gbogbo ọmọ, ojú ìyá àti ojú nọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ rí i. Kò sí àyè fún “ẹ jẹ́ ká máa wò ó”, nítorí bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọpọlọ ọmọ náà á dàgbà bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, ohun tó ti sọnù nínú ọpọlọ kò ní padà. Oògùn kan náà ni. Ìyá á lọ hóró náà kúnná, á fi omi tàbí omi ọmú díẹ̀ pò ó nínú ṣíbí, á sì fi í sí ọmọ lẹ́nu láràárọ̀.